Ìdánwò ọpọlọ wo ló yẹ ká mú lọ sí kóòtù fún àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ń rà?

Bí ẹjọ́ àgbàlagbà tó ti ń gbàgbé nǹkan bá dé kóòtù ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ìwé dókítà kan ló sábà máa ń bá a dé, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì máa ń wà nínú rẹ̀: "MMSE 17/30, kò lè dá ìpinnu ṣe." MMSE ni ìdánwò ọpọlọ ṣókí kan tó ní máàkì 30. Ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí, tàbí wíìlì, tàbí owó báńkì, tàbí ìwé tí bàbá tẹ̀ka sí nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Lọ́yà ẹgbẹ́ kejì á dìde, á bi dókítà ní ìbéèrè kan péré: "Ọdún mélòó ni bàbá yìí fi lọ sí ilé ìwé?" Bí dókítà kò bá mọ̀ ọ́n, agbára ìwé náà ti tán nìyẹn.

Ìwé yìí wà fún ẹbí tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, fún lọ́yà tó máa béèrè fún un, àti fún dókítà tó máa fọwọ́ sí i.

Ohun tí kóòtù ń wá

Kóòtù kì í wá máàkì. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 175, sọ pé gbogbo ènìyàn ló lè jẹ́rìí, àfi bí kóòtù bá rí i pé ìgbà èwe, ogbó tó pọ̀ jù, tàbí àìsàn ara tàbí ti ọpọlọ kò jẹ́ kí ó lóye ohun tí wọ́n bi í, tàbí kí ó fèsì tó mọ́gbọ́n dání. Ẹni tó gba 15 nínú 30 lè sọ ẹni tó wá lu ọmọ rẹ̀ lánàá, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yè kooro. Abala 68 òfin yẹn ló fún amòye láyè láti sọ èrò rẹ̀. Ìmọ̀ràn ni amòye ń mú wá, adájọ́ ló ń pinnu.

Ní ti wíìlì, òṣùwọ̀n tí àwọn kóòtù wa ṣì ń tẹ̀lé wá láti inú ẹjọ́ Banks àti Goodfellow, tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870. Ṣé ẹni náà mọ ohun tí wíìlì jẹ́ àti ohun tó máa ṣe? Ṣé ó mọ bí dúkìá òun ṣe pọ̀ tó? Ṣé ó mọ àwọn tó yẹ kó rántí nínú ogún? Ṣé kò sí àìsàn ọpọlọ kan tó ti yí ọkàn rẹ̀ padà sí àwọn ènìyàn rẹ̀? Kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí nínú ìdánwò tí a fẹ́ fiwéra níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ibí ló ń ṣubú nítorí pé kò sẹ́ni tó bi àgbàlagbà náà ní ìkankan nínú wọn.

Ní Ìlọrin, a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ọ̀nà kejì. Abala 277 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún Kóòtù Ẹ̀kọ́tẹ́milọ́rùn Ṣàríà láṣẹ lórí ogún, ẹ̀bùn àti wasíyà Mùsùlùmí, ó sì tún dárúkọ ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé àti ẹni tó yẹ kó jẹ́ alábòójútó rẹ̀. Ẹ wádìí kóòtù tí ìwé náà ń lọ kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìbéèrè alábòójútó yàtọ̀ sí ìbéèrè wíìlì.

Ìwà ọ̀daràn ńkọ́? Abala 51 nínú Penal Code ń wo bí ọpọlọ ẹni náà ṣe rí *nígbà tó ṣe ohun náà*. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ kò lè padà sẹ́yìn lọ wò ó. Ó lè ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn díẹ̀, ibẹ̀ ló mọ.

Ohun tí a fi ń yàn

Ilé ìwé ló ṣáájú. Wọ́n ti dán MMSE wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993. Ẹni tó wà ní àárín láàárín àwọn tó lo ọdún mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé ìwé gba 29. Láàárín àwọn tó lo ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, 26 ni. Láàárín àwọn tí kò lọ rárá tàbí tí kò kọjá ọdún mẹ́rin, 22 ni. Ẹ tún 22 yẹn wò. Ààlà tí gbogbo ènìyàn ń lò ni 24. Ó túmọ̀ sí pé bí ẹ bá gbé ìdánwò yìí fún ìyá aláṣọ òkè kan ní Pàkátà tí kò rí ojú ilé ìwé rí, ọpọlọ rẹ̀ lè pé pérépéré kí ìwé sì sọ pé kò pé.

Ọ̀rọ̀ kéwú tún wà níbẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù, "kò kàwé" ni wọ́n máa ń kọ sí iwájú orúkọ Àáfà tó ti ń ka Kùránì tó sì ń kọ Lárúbáwá fún ọgọ́ta ọdún. Àṣìṣe gidi ni. Ọwọ́ rẹ̀ mọ kálàmù, ojú rẹ̀ mọ ìlà, ó sì ti há ohun púpọ̀ sórí. Ẹ kọ ọdún tó lò ní ilé kéwú sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó lè kà àti ohun tó lè kọ.

Lẹ́yìn ilé ìwé, ẹ wo èdè tí wọ́n fi wọn ìdánwò náà, ẹni tó máa ṣe é àti bóyá ó lè gbè é lẹ́sẹ̀ níwájú lọ́yà, owó àti ẹ̀tọ́ oní-nǹkan, àti irú ọpọlọ tí ìbéèrè kóòtù ń tọ́ka sí: ìrántí ni, àbí òye ìpinnu?

MMSE

Folstein, ìyàwó rẹ̀ àti McHugh ló gbé e jáde ní 1975. Máàkì 30, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni pé gbogbo dókítà mọ̀ ọ́n, ó sì ti wà nínú káàdì ilé ìwòsàn ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Bí Màmá bá gba 27 ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tó sì gba 19 lónìí, ìyàtọ̀ méjèèjì sọ ohun tí 19 nìkan kò lè sọ, nítorí ara rẹ̀ ni a fi wọn ara rẹ̀.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi ìtumọ̀. Ìbéèrè ìgbà inú ọdún wá láti ilẹ̀ tó ní ìgbà mẹ́rin. Òjò, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ni tiwa. Gbólóhùn tí wọ́n ní kí ẹni náà tún sọ lẹ́yìn wọn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké tó ń lọ́ ahọ́n ni. Bí ẹ bá tú u sí Yorùbá, ó ti rọrùn jù tàbí kó má nítumọ̀ rárá. Sípẹ́lì ọ̀rọ̀ sẹ́yìn kò ṣe é ṣe fún ẹni tí kò kọ á-bí-dí.

Èyí tó tètè ń ṣini lọ́nà jù ni ìṣirò. Wọ́n á ní kí ó yọ méje nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó máa yọ ọ́ lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún: 93, 86, 79, 72, 65. Ẹ gbọ́ bí 86 ṣe ń dún lẹ́nu wa: mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. 79 ńkọ́? Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ìṣirò ni orúkọ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí Màmá bá ti yọ méje tán, ó tún ní láti yọ mẹ́rin nínú àádọ́rùn-ún kó tó lè pe ohun tó kù. Ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é kò ṣe ju ìṣirò kan lọ. Àwọn dókítà kan máa ń yí i sí owó náírà, ìyá ọlọ́jà á sì ṣe é wàràwàrà. Ó dára láti mọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kó máàkì rẹ̀ mọ́ 30 yẹn, nítorí ìdánwò tí wọ́n fi ààlà 24 sí kọ́ nìyẹn mọ́.

MMSE kò fi bẹ́ẹ̀ wo apá ọpọlọ tó ń ṣètò, tó ń ro ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn, tó sì ń kó ara ẹni níjàánu. Bàbá kan lè gba 28 kó sì ti pín ilẹ̀ mẹ́ta fún àjèjì láàárín oṣù kan. Bákan náà, oní-nǹkan ló ni fọ́ọ̀mù náà. Rírà ni wọ́n ń rà á. Fótókọ́pì tí kò ní orísun máa ń dójú tini nígbà tí lọ́yà bá béèrè ibi tó ti wá.

MoCA àti MoCA-Basic

Nasreddine àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ló tẹ MoCA jáde ní 2005. Máàkì 30 ni òun náà, 26 sókè ni wọ́n kà sí dáadáa, wọ́n sì ń fi máàkì kan kún un fún ẹni tí ilé ìwé rẹ̀ kò kọjá ọdún méjìlá. Nínú ìwádìí àkọ́kọ́ yẹn, ó mú ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ìgbàgbé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. MMSE mú 18. Fún ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, olùkọ́ yunifásítì tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà tí ẹbí ń fura sí, MoCA ni kí ẹ yàn. Ẹ̀dà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà bí ẹgbẹ́ kejì bá ní àwọn náà fẹ́ ṣe àyẹ̀wò tiwọn lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀dà mìíràn ni kí wọ́n lò, kí ó má bàa jẹ́ pé ohun tí bàbá há sórí níjọ́sí ló ń kà jáde.

Àwọn oní-MoCA ń béèrè pé kí ẹni tó máa lò ó gba ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí. Lọ́yà, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí yẹn kí ẹ tó gbà á wọlé.

Fún ẹni tí kò kàwé, ẹ má gbé e dé iwájú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ìlà so nọ́ńbà mọ́ lẹ́tà, kí wọ́n ya àpótí onígun, kí wọ́n dárúkọ àwọn ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú F, kí wọ́n mọ àgbáńréré nínú àwòrán. Ọ̀pọ̀ àgbà wa gbọ́ orúkọ àgbáńréré nínú oríkì, wọn kò rí i rí. MoCA-Basic, tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kò lọ sí ilé ìwé, fi èso dípò lẹ́tà, ó fi owó sísan dípò ìyọkúrò méje, ó sì fi àwọn àwòrán tó gorí ara wọn dípò yíyà. Ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ẹ̀dà Yorùbá tí ẹ fẹ́ lò jẹ́ èyí tí wọ́n dán wò, kì í ṣe èyí tí ẹnìkan tú lórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn tí wọ́n ti dán wò ní ilẹ̀ wa: IDEA, ìdánwò ìṣáná, CSI-D

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti inú Ìlọrin, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

IDEA, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 2014 láti Tànsáníà, ni wọ́n tún dán wò ní Lálúpọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbàdàn, tó jẹ́ pé láàárín àwọn Yorùbá bíi tiwa ni. Máàkì 15 ni, láti 7 sílẹ̀ ni wọ́n ti ń fura sí àrùn ìgbàgbé. Kò béèrè ìwé kíkà tàbí kíkọ. Ó béèrè ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, olórí ìlú, orúkọ ẹranko láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n á ní kó rántí nígbà tó bá yá, ìtumọ̀ afárá, àti títo igi ìṣáná bí àpẹẹrẹ. Owó rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná àti bébà lọ.

Ẹni tó máa bi í gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ wò ó: "Kí ni afárá?" Àgbàlagbà tó bá ní "ibi tí oyin ń gbé" kò ṣìnà. Afárá oyin ló wá sí i lọ́kàn. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì: "Afárá tó wà lórí odò ńkọ́?" kí ẹ sì kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ wọ́n. Ẹni tó bá ń fi ògbufọ̀ ṣe é lè pàdánù máàkì yìí fún Màmá láìmọ̀. Ní ti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ẹlòmíràn á dáhùn pé "ọ̀la lọjà wa." Ọjà ọlọ́rọọrún ni òun fi ń ka ọjọ́. Kò gba máàkì, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó mọ ibi tí àkókò dé, ó sì yẹ kó wà nínú ìwé tí adájọ́ máa kà.

Ìdánwò ìṣáná ní tirẹ̀, ìyẹn Stick Design Test, Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é. Báìyéwù àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005. Ìdí rẹ̀ rọrùn: bí ẹ bá fún ẹni tí kò di pẹ́ńsù mú rí ní pẹ́ńsù, tí ẹ ní kó ya aago, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ ń dán wò, kì í ṣe ọpọlọ. Igi ìṣáná mẹ́rin lórí tábìlì kò béèrè ilé ìwé. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí oríkèé ìka rẹ̀ wú. Ẹ lo igi tó nípọn díẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

CSI-D ni bàbá gbogbo wọn. Ní 1993 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín àwọn Cree, ọmọ ìbílẹ̀ kan ní Kánádà, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un wá sí Ìdíkàn ní Ìbàdàn fún ìwádìí tí wọ́n fi wé Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ó bi àgbàlagbà léèrè, ó sì bi ẹni tó ń bá a gbé léèrè bó ṣe ń ṣe nílé. Ohun tó jinlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìṣirò máàkì rẹ̀ ní fọ́múlà, ó sì gba àkókò. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ẹ má fi í kọ́ṣẹ́ nínú ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́.

Àléébù IDEA kan wà tí mo fẹ́ kí lọ́yà mọ̀: àrùn tó ti fìdí múlẹ̀ ló mú dáadáa. Tí bàbá bá kàwé tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó lè gba 14 kí ìṣòro sì wà. Ọ̀pọ̀ adájọ́ ni kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀, torí náà dókítà ní láti fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé ibi tó ti wá àti àwọn tí wọ́n dán an wò lára.

Àwọn kékeré

Mini-Cog gba ìṣẹ́jú mẹ́ta: ọ̀rọ̀ mẹ́ta àti aago yíyà, máàkì 5. Fún kílíníkì ni. Òun nìkan kò tó lọ sí kóòtù.

FAB, máàkì 18, wúlò nígbà tí ìrántí bá dára ṣùgbọ́n tí ìwà ti yí padà. Ìkúùkù, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́: ẹni náà á máa ṣe é tẹ̀lé ara wọn. Bàbá onímáàkì 28 tó ń fún àjèjì nílẹ̀ yẹn lè ṣe ìkúùkù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má lè yí ọwọ́ padà. Ó ní ìbéèrè lẹ́tà tí kò bá ẹni tí kò kàwé mu, torí náà ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

IQCODE àti AD8 kì í bi àgbàlagbà náà, ẹbí ni wọ́n ń bi. IQCODE ní kí wọ́n fi òní wé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Nígbà tí olówíìlì bá ti kú, irú èyí àti káàdì ilé ìwòsàn ló kù. Àmọ́ ẹbí tí ẹ ń bi ni ẹbí tó ń jà. Ẹ bi ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ ìyáálé, ẹ bi ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ ìyàwó, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tún bi aládùúgbò tí kò ní ìpín. Ẹ fi ìdáhùn gbogbo wọn hàn, ẹ má fi wọ́n pò di máàkì kan.

Ibi tó ti ń bàjẹ́

Etí dídi ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ wo epo etí, kí ẹ bèèrè gíláàsì ojú, kí ẹ wo bóyá ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Lẹ́yìn náà ni oògùn: Piriton, amitriptyline àti diazepam lè da ọpọlọ àgbàlagbà rú. Ibà, àrùn ìtọ̀, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ àti omi tó tán lára lè mú kí ẹni tó yè kooro lọ́sẹ̀ tó kọjá máa pe ọmọ rẹ̀ ní ìyá rẹ̀. Bí ìyípadà náà bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ tọ́jú àìsàn náà, ẹ dúró lọ́sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó dánwò. Ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya náà máa ń fa máàkì wálẹ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀sán ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ọmọ tó máa jogún kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú yàrá. Ọmọ tó bá ń sọ pé "Màmá, ẹ rántí, Mọ́ńdè ni" ti ba ìdánwò náà jẹ́. Òun kọ́ náà ló gbọ́dọ̀ ṣe ògbufọ̀ bí àgbàlagbà náà bá ń sọ Fúlàní, Núpé tàbí Bàrùbá.

Lẹ́yìn ìdánwò ni iṣẹ́ gidi wà. Ẹ ti gba àkọsílẹ̀ dúkìá àti orúkọ ọmọ láti ọwọ́ lọ́yà ṣáájú, kí ẹ wá bi í báyìí: "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ilé mélòó lẹ ní? Ta ló ń gbé inú rẹ̀? Kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí i? Ta ni kò ní gba nǹkan kan, kí ló sì fà á?" Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde, ní Yorùbá. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìdáhùn bá dúró sójú kan láàárín ọjọ́ méjì, ó wúwo ju máàkì èyíkéyìí lọ. Ìwé tó ń lọ sí kóòtù gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìdánwò àti ẹ̀dà rẹ̀, èdè tí wọ́n lò, ọdún ilé ìwé àti ti kéwú, ààlà tí wọ́n lò àti ìdí, fọ́ọ̀mù gangan tí wọ́n kọ ìdáhùn sí, àti àwọn tó wà nínú yàrá.

Ta ni kó mú èwo

Àgbàlagbà tí kò kàwé tàbí tó lọ sí ilé kéwú nìkan: IDEA pẹ̀lú ìdánwò ìṣáná, ẹlẹ́rìí ẹbí méjì, àti ìbéèrè lórí ìpinnu náà gan-an. Bí káàdì rẹ̀ bá ti ní MMSE àtijọ́, ẹ tún MMSE ṣe ní ọ̀nà kan náà kí ẹ lè fi wéra, ẹ má sì dá ààlà 24 lé e lórí.

Ẹni tó kàwé dé sẹ́kọ́ńdírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: MoCA lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ fi FAB kún un bí ẹjọ́ bá dá lórí owó tí wọ́n fi tàfàlà tàbí ẹ̀bùn tí kò bá ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá mu.

Wíìlì tí ẹ fẹ́ kọ báyìí fún bàbá tó ti dàgbà: ẹ má dúró de ìjà. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ó sì jẹ́ ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ tó bá fọwọ́ sí i, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rin ti 1870 tí a kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí: ìdánwò kò pọn dandan rárá bí adájọ́ bá lè bi í ní ìbéèrè mélòó kan kó sì gbọ́ èsì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀daràn tí wọ́n ní ó ti gbàgbé ohun gbogbo: ẹ má fi ìdánwò ṣókí kankan ṣe é, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè mọ ẹni tó ń díbọ́n. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UITH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin), kí wọ́n gbà á sílé fún ọjọ́ mélòó kan, kí àwọn nọ́ọ̀sì sì kọ bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń wá ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, àti bó ṣe ń pe orúkọ àwọn tó wá kí i.